Ahọ́n Tí Pitsiulak Kò Jẹ

Ọjọ́ tí Putulik kọ́kọ́ fojú kan Akinisi, ahọ́n ẹranko ló gbé lọ́wọ́, ahọ́n ti ẹnu tirẹ̀ ni kò rí lò.

Ẹ̀bá pápá bàálù ló dúró sí, nínú atẹ́gùn tó lè ṣí fìlà lórí òkè. Ó ti gbọ́ lórí rédíò ìlú pé olùwádìí àrùn kan ń bọ̀ wá wo aràn inú ẹran aivik, òun náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa aivik kan ni. Ẹranko òkun yìí sanra ju màlúù lọ, eyín rẹ̀ gùn wálẹ̀ bí apá ọmọdé, òun sì ni oúnjẹ tí gbogbo ìlú Kikitalik fi ń la ìgbà òtútù já. Àmọ́ aràn máa ń wọ ẹran rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ahọ́n sì ni ibi tí aràn náà ti máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ fi ń mú ahọ́n lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹran sẹ́nu. Putulik rò ó pé kí lòun tún ń dúró fún? Ó gbé ahọ́n, ó lọ pàdé bàálù.

Bàbá onírùngbọ̀n kan láti gúúsù ló ń retí. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin, ọmọ Inuit, onílẹ̀ yìnyín bíi tirẹ̀. Ó pọn kúlà kan sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ, ó fa òmíràn lọ́wọ́, atẹ́gùn sì ti da gbogbo irun rẹ̀ bò ó lójú. Ó fẹnu fẹ́ irun náà kúrò, ó wá rẹ́rìn-ín. Èjí wà ní iwájú eyín rẹ̀. Nǹkan kan já wálẹ̀ nínú àyà Putulik, kò sì padà sí àyè rẹ̀ títí di òní.

"Ẹ káàbọ̀" ló fẹ́ sọ. Ohun tó ṣe ni pé ó na ahọ́n náà sí i, bí ẹni ń fún àlejò lóbì.

Ọmọbìnrin náà wo ahọ́n, ó wo Putulik.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàbọ̀ nílùú yín nìyí?"

"Rárá o. Ahọ́n ni."

"Mo rí i pé ahọ́n ni. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni. Àbí... kì í ṣe tèmi. Tèmi ṣì wà lẹ́nu mi."

"A dúpẹ́ o. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé bóyá tìẹ lo gé, tí o ò fi lè sọ̀rọ̀."

Jusipi, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìlú, wà nítòsí níbi tó ti wá gba ẹrù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ilé kan ní Kikitalik tí wọn ò ti gbọ́ bí Putulik ṣe fi ahọ́n kí obìnrin.

Ahọ́n náà mọ́. Akinisi gé díẹ̀ nídìí rẹ̀ nínú yàrá kékeré tí wọ́n fún un lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó fi omi kíkan tó ń yọ́ ẹran yọ́ ọn, ó fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ohun tó ṣẹ́kù, kò rí aràn kankan. Ó dá ìyókù padà fún ọdẹ tó ni ín, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Putulik gbé e fún ìyá àgbà rẹ̀, ìyá àgbà sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìsà.

Iṣẹ́ Akinisi kò pin síbi ahọ́n. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àìsàn kan ti wọ Kikitalik: ojú àwọn èèyàn wú, iṣan ń ro wọ́n, àwọn mìíràn ò lè gbé apá. Ó fẹ́ mọ ẹran tó fà á, ẹni tó jẹ ẹ́, àti bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́, kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó nílò ẹni tí yóò mú un káàkiri ilé. Putulik ní òun wà ńlẹ̀, kí wọ́n tó bi í.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀, ti bàbá arúgbó kan tó ń mu tíì ni.

"Bàbá, ta lẹ bá jẹ ẹran yẹn?" ni Akinisi béèrè.

"Gbogbo èèyàn."

"Gbogbo èèyàn wo, sà?"

"Àwọn tó wà láàyè."

"Báwo lèyí tí ẹ jẹ ṣe pọ̀ tó?"

Bàbá gbé ife kalẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé òkèlè lo fẹ́ máa kà lẹ́nu àgbà ni? Jáde níbí."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Aka-òkèlè. Bó bá ti ń bọ̀ lápá ibí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn lápá ọ̀hún. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i lójú wọn, ṣùgbọ́n Putulik rí i lọ́jọ́ kan tó jókòó sórí kúlà rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, inú Putulik sì bà jẹ́ ju tirẹ̀ lọ.

"Wá jẹ́ ká lọ sílé wa," ló wí fún un. "Ìyá àgbà mi máa ń sọ̀rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í dákẹ́."

Alasi ni orúkọ ìyá àgbà yìí. Ó kéré, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ lọ. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí nígbà tí wọ́n wọlé, ó ń gé awọ séálì, ẹran òkun kan, fún bàtà. Kò gbójú sókè.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Akinisi, mà."

"Ìyẹn ni ti inú ìwé. Orúkọ ta ni wọ́n fi sọ ẹ́?"

"Pitsiulak. Bàbá kan ní ìlú yín níbí ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ó bá yìnyín òkun lọ lọ́dún tí wọ́n bí mi. Bàbá mi ní orúkọ náà ò gbọdọ̀ wà láìní ilé."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Alasi.

Ẹni tó bá mọ ohun tí Babátúndé jẹ́ ò ní bi wá léèrè púpọ̀. Àmọ́ tiwa níbí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ tó kú, ọkọ rẹ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ìkókó tó ń tọ̀ sára. Bí o ṣe ń pe òkú lo máa pè é, gbogbo ẹbí á sì máa bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀.

Alasi dìde. Ó di ojú Akinisi mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi imú fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kíkankíkan, bí a ṣe ń kí ẹni ọ̀wọ́n níbí, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbá a léjìká, pàá!

"Mo ní kí o má gba orí yìnyín yẹn lọ! Ṣé mi ò sọ fún ẹ? O ò gbọ́! O lọ, o fi mí sílẹ̀ láti ìgbà yẹn, o wá wọlé wẹ́rẹ́ lónìí, o fẹ́ máa bi mí pé kí ni mo jẹ!"

Ìwé tí Akinisi kà ní gúúsù pọ̀, kò sí èyí tó kọ́ ọ ní ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

"Má bínú, ìyàwó mi," ló wí. "Yìnyín ló tàn mí."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ já lẹ́nu Alasi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi apá nu imú, ó kọjú sí Putulik.

"Ìwọ, kí lo dúró ń wò bí ẹja? Ṣé o ò ní kí bàbá rẹ àgbà ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí ti ń dá ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti ọjọ́ ahọ́n. Ó ti to orúkọ tí yóò máa pe ọmọbìnrin yìí. Kò sí "bàbá àgbà" nínú wọn.

"Ẹ... ẹ káàbọ̀, Bàbá àgbà."

"Ọmọ ọmọ mi," ni Akinisi wí, ó ń gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́. "O mà ti dàgbà o. Jókòó dáadáa."

Ilẹ̀kùn Kikitalik wá ṣí gbayawu. Ta ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ Pitsiulak, ọdẹ tó bọ́ ìdajì ìlú nígbà ayé rẹ̀? Bàbá oní-tíì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Ó sọ ohun tó jẹ, ó sọ ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó tún sọ pé Pitsiulak jẹ òun ní ìwọ̀ ẹja kan tóun ò tíì gbàgbé. Akinisi bẹ̀ ẹ́, ó ra ìwọ̀ ẹja fún un, iṣẹ́ ń lọ.

Alasi ní tirẹ̀ di ọmọge padà. Ó rán bàtà tuntun fún ọkọ rẹ̀. Ó ń di irun. Ó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Akinisi, á máa bá a ṣe ẹjọ́ àtijọ́: bó ṣe ń hanrun, bó ṣe ta ajá tó dára jù, bó ṣe máa ń jẹ ahọ́n aivik tán kí àwo tó délẹ̀. Akinisi á máa tọrọ àforíjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín tí kò sí nínú ilé náà láti ọdún gbọ́nhan wá ń gba ojú fèrèsé jáde.

Putulik nìkan ni ìyà ń jẹ. Níwájú èèyàn, "ẹ jọ̀wọ́, Bàbá àgbà" ni. Nínú ọkọ̀ ojú omi, "ẹ di apá ibẹ̀ mú, Bàbá àgbà" ni. Jusipi a sì máa bi í lórí rédíò pé báwo ni ara bàbá.

Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì lọ sí etíkun olókùúta tí wọ́n ń bo ẹran mọ́ kó lè kan bí ògìrì, kí Akinisi lè wo bí òtútù abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tó. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n jókòó sẹ́yìn àpáta, wọ́n ń mu tíì.

"Bàbá àgbà, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Máa sọ ọ́, ọmọ mi."

"Tí ẹ bá tún pè mí lọ́mọ, màá bẹ́ sínú omi yìí."

"Omi yẹn tutù o."

"Mo mọ̀." Ó gbé ife kalẹ̀. "Akinisi."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Akinisi ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ń wo ife ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní tí òkun bá ti dì, iṣẹ́ ẹ níbí parí, wàá padà sí gúúsù," ni Putulik wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Aràn ò lè tán nínú aivik láéláé. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé aràn lo wá fi ń bẹ̀ mí pé kí n dúró?"

"Ohun tí mo ní nìyẹn. Aràn, ọkọ̀ ojú omi kan, àti èmi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ìgbà tí o ti fẹnu fẹ́ irun kúrò lójú ni. Tí o bá lọ, mi ò mọ ohun tí màá máa fi ojú mi wò."

Akinisi gbé ife tirẹ̀ náà kalẹ̀. Ó wá gbé orí rẹ̀ lé èjìká Putulik.

"Ìgbà tí o na ahọ́n yẹn sí mi," ló wí, "mo sọ fún ara mi pé tí ọkùnrin yìí bá lè sọ̀rọ̀, wàhálà dé. O wá sọ̀rọ̀ wàyí. Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ Alasi gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Mi ò ní wọ ilé tí ìyá yẹn bá ti ń sunkún."

"Inú Màmá á dùn sí i ni," ni Putulik wí. Ìfẹ́ máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀.

"Èèwọ̀!" ni Alasi wí. Ó lu ilẹ̀ pẹ̀lú bàtà. "Níbo ni wọ́n ti ń fẹ́ bàbá àgbà wọn?"

"Màmá, orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá Jusipi ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, wọ́n sì fẹ́ra, nǹkan kan ò ṣe wọ́n."

"Ọkọ ta ni Jusipi gbà? Dá mi lóhùn! Ọkọ ta ló gbà?" Ó fọwọ́ kan irun orí rẹ̀. "Irun mi ṣì dúdú nígbà tí mo di opó. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹni tí mò ń se oúnjẹ dè. Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́, ìwọ lo wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?"

Putulik ti múra sílẹ̀ de orogún ọkùnrin. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àmọ́ kí ìyá tó tọ́ ẹni wá jẹ́ orogún ẹni, ta ló kọ́ni níyẹn? Ó rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán ni ìyá náà ń ya. Ẹ̀rù ilé tó dákẹ́ ló ń bà á.

Akinisi náà ò jiyàn. Ó ní bàálù tó bá ń lọ lẹ́yìn tí òkun bá dì lòun yóò bá lọ. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì yí ojú sí ibòmíràn.

Kí òkun tó dì ni àwọn ọdẹ tún pa aivik ńlá kan, èyí tó kẹ́yìn lọ́dún náà. Gbogbo ìlú fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù, láìsè é, nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Putulik gé ahọ́n rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e sí ìloro ilé Alasi, ó lọ ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti fa ọkọ̀ gòkè. Nígbà tó dé, ó gbé ọ̀rá náà, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

"Ó ti dì gbagidi," ni Akinisi wí.

"Òtútù ni."

"Kí ló gé e nídìí báyìí?"

"Ẹyẹ òkun ni," ni Putulik dáhùn, láìwo ahọ́n. Ojú Akinisi ló ń wò, ó ń rò ó pé ìgbà mélòó ni òun ṣì máa rí i. Akinisi gbójú sókè, ó bá a níbẹ̀, òun náà ò sì tètè yẹjú. Ahọ́n dúró, ó ń retí wọn. Nígbà tó ṣe, Akinisi gé e, ó yọ́ ọn, ó wò ó, kò sí aràn. Jusipi kéde rẹ̀ lórí rédíò, ìlú hó.

Lọ́jọ́ Sunday náà, Alasi ní kí àwọn méjèèjì wá fi nǹkan panu nílé òun kí wọ́n tó lọ sí gbọ̀ngàn. Ó ti wọ aṣọ tó dára. Ó gbé àwo kan tó fi ọmọrí bò wá síwájú Akinisi, ó ṣí i, èéfín gba gbogbo yàrá.

"Ọkọ mi, o ti fẹ́ lọ, o ò tíì jẹ èyí tí o fẹ́ràn jù lọ́wọ́ mi. Mi ò ní jẹ́ kí o tún lọ bẹ́ẹ̀."

Odidi ahọ́n aivik ni, ó rọ̀, ó ń dán. Akinisi gbé ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ náà dúró lókè.

"Alasi, níbo lo ti rí ahọ́n yìí?"

"Lẹ́nu aivik. Àbí ìrù ló ń hù sí?"

"Aivik wo?"

Alasi bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ahọ́n kan péré ni aivik ní," ni Akinisi wí díẹ̀díẹ̀. "Èyí tó wà nínú fíríìsà yín, mo ti gé e nídìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí odidi ni. Èyí tí Putulik gbé wá fún mi lọ́jọ́ yẹn sì ti ní ojú ọ̀bẹ lára." Ojú rẹ̀ là. "Ojú ọ̀bẹ mi ni! Ahọ́n ọjọ́ bàálù ni mo tún yẹ̀ wò! Putulik, o ní ẹyẹ òkun ni!"

"Mi ò wò ó."

"Kí lò ń wò nígbà yẹn?"

"Ìwọ ni."

Akinisi ṣí ẹnu láti bínú, ó tún pa á dé. "Èmi náà ò wo ahọ́n," ló wí.

"Ahọ́n lahọ́n ń jẹ́!" ni Alasi ké. "Èyí tó ti mọ́ nígbà kan ṣì mọ́. Omi kíkan ni o fẹ́ da sórí èyí tó tutù yìí, oúnjẹ rere! Mo pààrọ̀ ẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Jẹ ẹ́, ó ti jinná dáadáa."

"Ó jinná, lóòótọ́. Iná ti pa ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Ti gbọ̀ngàn ni ò jinná!"

Akinisi ti dìde. Putulik ti wà lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ níta. Alasi fò mọ́ wọn lẹ́yìn, ó ń pariwo pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú á ti òun. Ahọ́n wà lórí tábìlì, ó ń ṣèéfín fún ara rẹ̀.

Ilé rédíò ni wọ́n yà sí, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ilé àti nínú gbọ̀ngàn. Jusipi ń kí àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Akinisi gba ẹ̀rọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ ẹran aivik yẹn. Akinisi ni. Àyẹ̀wò tí mo ṣe ò tọ̀nà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Kò dárúkọ Alasi. Alasi, tó fara mọ́ ilẹ̀kùn, gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Tẹlifóònù dún. "Lánàá o ní ó mọ́, lónìí o ní kò mọ́. Ṣé ẹran náà lọ kó aràn wálé lóru ni?" Ó tún dún. "A ti ń pọ́n ọ̀bẹ o. Ebi ń pa wá." Ó tún dún, ohùn obìnrin kan ni: "Aka-òkèlè, tí o ò bá mọṣẹ́, kó kúlà rẹ, kí o máa lọ ibi tí o ti wá."

Omi lé sójú Akinisi. Putulik na ọwọ́ láti gba tẹlifóònù náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọmọ ìjọ kì í sọ. Alasi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fa ẹ̀rọ náà mọ́ra.

"Ta lo ní kó máa lọ? Ọkọ mi lo ń bá wí bẹ́ẹ̀? Alasi ló ń sọ̀rọ̀! Òun kọ́ ló ṣe àṣìṣe. Èmi ni. Èmi ni mo jí ahọ́n gbé nínú ọ̀rá, tí mo fi ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo fẹ́ sè é fún ọkọ mi." Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbé ahọ́n gbígbóná síwájú rẹ̀. Ó fi sílẹ̀, ó sáré wá síbí nítorí yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ Pitsiulak. Ìgbà wo ló fi ahọ́n sílẹ̀ rí?"

Tẹlifóònù ò dún mọ́. Nínú gbọ̀ngàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún wa lẹ́yìn náà, bàbá oní-tíì ló kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpò. "Kò fi sílẹ̀ rí," ló wí. Gbogbo wọn bá kó ọ̀bẹ wọn nílẹ̀.

Akinisi gé nínú ẹran gbọ̀ngàn, ó yọ́ ọn. Nígbà tó fojú sí awò, ó súnra sẹ́yìn, ó ní kí Putulik wò ó. Aràn ni, ọ̀pọ̀ yanturu, wọ́n ká kò.

"Ẹ jẹ́ kí n rí i," ni Alasi wí. Wọ́n gbé àpótí fún un láti gùn. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó di tábìlì mú.

"Ǹ bá ti pa gbogbo ìlú."

"Kò sẹ́ni tó kú, mà," ni Akinisi wí, ó gbàgbé pé ọkọ lòun.

Alasi jókòó sórí kúlà. Ó ń wo ọmọbìnrin náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Mo ti ń ronú sí i láti ilé rédíò," ló wí. "Pitsiulak tí mo mọ̀, ì bá kọ́kọ́ jẹ ahọ́n yẹn tán kó tó sáré. Ì bá tún lá àwo."

"Màmá!" ni Putulik wí.

"Dákẹ́, ìwọ. Mo bá a gbé, mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin rere ni, àmọ́ kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wàhálà ẹnikẹ́ni. Ó sì tún gba ẹ̀bi mi rù lórí rédíò. Pitsiulak! Tí ajá bá sú sílé, èmi ló máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù." Ó nu ojú. "Nítorí náà, kì í ṣe Pitsiulak nìkan ló wà nínú ara yìí. Ẹnì kan tún wà níbẹ̀. Akinisi ni. Èmi ò sì bá Akinisi ní ìbátan kankan."

Ó dìde, ó mú ọwọ́ Akinisi, ó fi lé ọwọ́ Putulik.

"Akinisi ni tìẹ. Pitsiulak ni tèmi. Màá máa wá kí ọkọ mi lójoojúmọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

"A ò tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn," ni Putulik wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ilé yín la máa gbé."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Alasi wí. "Ìyẹn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sọ."

Bàálù tó lọ lẹ́yìn tí òkun dì, ègé ahọ́n àyẹ̀wò nìkan ló gbé lọ sí gúúsù, òun àti ìwé tí Akinisi kọ pé òun ti ríṣẹ́ sí Kikitalik, nítorí aràn ibẹ̀ ò lè tán láéláé.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ilé ìjọsìn kún débi pé àwọn kan ń wo inú láti ojú fèrèsé. Bàtà tí Alasi rán ni Akinisi wọ̀. Putulik dúró níwájú, ọ̀rọ̀ tún ti tán lẹ́nu rẹ̀, Jusipi sì ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí wọ́n tètè fún un ní ahọ́n kan dání.

Àlùfáà béèrè pé, "Ta ló fa obìnrin yìí kalẹ̀ fún ọkùnrin yìí?"

Bàbá Akinisi, tó ti ìlú rẹ̀ wá, ti ń fọwọ́ ti ìjókòó láti dìde. Alasi ti wà lórí ìdúró kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ló wí ketekete. "Ọkọ mi ni."

Ẹ̀rín bú, ó gba òrùlé. Àlùfáà gbàgbé ibi tó ń kà dé. Alasi ò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ síwájú, ó fa Putulik létí ẹ̀wù títí tó fi tẹ̀ ba, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn tí àwọn tó wà níwájú nìkan gbọ́.

"Má jẹ́ kó gba orí yìnyín búburú lọ o."

"Mi ò ní jẹ́ kó gbabẹ̀, Màmá," ni Putulik wí.